Ìjì Méjì Lórí Ọkà Kan

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bu ọkà gbígbìn fún èèyàn. O lè jẹun nínú abọ́ wọn, o lè yá gèlè wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tó bá di ti ọkà bàbà tí wọ́n tọ́jú fún ìrúgbìn, ọwọ́ wọn nìkan ló ń wọ inú àpò náà. Ọkà ọ̀hún pupa, igi rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń gbó kí òjò tó dá. Ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti gbà á. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí wọn kò dá oko sí ọ̀nà Ojoku, kódà kó jẹ́ ìwọ̀nba ebè tí agbára wọn ká. Ní kékeré mi, mo rò pé gbogbo tíṣà ló ní àpò ọkà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọn kì í tà á. Ẹni tó bá ń wá ìrúgbìn, ìbáà jẹ́ ará Ojoku, ará Ilemona, tàbí aládùúgbò wa ní Ọ̀fà, yóò dúró di ìgbà ọyẹ́. Ìyá mi á dá ọjọ́. Àwọn obìnrin náà á wá, oníkálukú pẹ̀lú atẹ tirẹ̀, wọ́n á jọ ru ọkà tí a ti fi igi lù kúrò lára ṣírí lọ sí ẹ̀bá ojú irin, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ilé kankan kò dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Wọ́n á tẹ́ tapólì, wọ́n á kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, wọ́n á gbé atẹ sókè, wọ́n á máa da ọkà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkà á bọ́ sórí tapólì, ìyàngbò á bá atẹ́gùn lọ. Nígbà tó bá mọ́ tán ni ìyá mi á wá bu ti oníkálukú fún un. Ẹni tí kò bá wá fẹ́ ọkà, kò ní gba ọkà. Òfin wọn nìyẹn.

"Bí o bá gbé ìrúgbìn tó ti mọ́ fún èèyàn nílé rẹ̀," wọ́n ṣàlàyé fún mi nígbà kan, "ó máa rò pé ọjà ló rà. Tí kò bá hù, ìwọ ló máa bú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, tó fi ojú rẹ̀ rí i, kò rí ẹni tó máa bú."

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, ó sì ti pẹ́. Ó ti mọ́ mi lára kí n má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Mo lọ bi Alhaja, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wa àti tiwọn, bóyá bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

"Irọ́ ni," Alhaja dáhùn. "Òfófó ló fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ tá a bá ń fẹ́ ọkà nìkan ni ìyá ẹ máa ń mọ ẹni tó lóyún ní Ilemona."

Mo gba ìdí méjèèjì.

Ọyẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ikọ́ ti mú ìyá mi tipẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá ti fẹ́ ọkà bàbà rí mọ̀ pé ìyàngbò rẹ̀ burú ju ti àgbàdo lọ. Ó fúyẹ́, ó ń yúnni lára, ó ń wọ ọrùn aṣọ, ó ń wọ ojú. Ẹni tí ara rẹ̀ le á kàn sín ni. Ti ìyá mi kọjá sísín. Bí wọ́n bá ti fa eruku símú, àyà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n á di nǹkan mú, wọ́n á máa wá èémí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀ lókùnkùn. Dókítà ní àyà wọn kò gba eruku mọ́. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. A tún ra ìbòmú fún wọn, ṣùgbọ́n abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, nítorí wọ́n ní àwọn kò lè fi nǹkan bo ẹnu kí àwọn sì tún máa sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ń gbé ní Ọ̀fà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ń jẹun.

"Mummy, ti ọkà fífẹ́ yìí ti tán o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni."

"Ṣé dókítà gbìn ín rí?"

"Mummy!"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Àbúrò mi ní kí wọ́n gbé àpò náà fún obìnrin kan ní Ojoku tó ti ń gba ìrúgbìn lọ́wọ́ wọn fún ọdún gbọọrọ, kí ó máa pín in bí wọ́n ṣe ń pín in. Ìyá mi fa àwo ẹran sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń jẹun lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi pè mí lórí fóònù ní ibi iṣẹ́. Wọn kò kí mi.

"Ṣebí akọ̀ròyìn ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bá mi wádìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ ọkà."

Mo bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló ń dùn wọ́n. Ohùn wọn yàtọ̀ nígbà tí wọ́n fèsì. "Gbọ́, ọmọ mi. Àwọn tí mo kọ́ níwèé ti dàgbà. Wọ́n ń rí mi lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí mi dáadáa, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ọkà yìí ló ń gbé èèyàn wá sílé mi. Bí wọ́n bá gba àpò yẹn lọ́wọ́ mi, ta ni yóò tún kan ilẹ̀kùn mi?"

Mo wádìí.

Wẹ́dà kan wà lọ́nà Pólì ní Ọ̀fà tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti fi ọ̀kan hàn mí. Páànù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Àrọ ńlá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń da ọkà sí. Fáànù wà nínú ikùn rẹ̀, ẹ́ńjìnì kékeré ló ń yí i. Bí ọkà bá ti ń bọ́ sílẹ̀ láti inú àrọ, afẹ́fẹ́ á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wẹ́dà náà bẹ̀rẹ̀, ó tọ́ka sí ẹnu méjì tó wà nísàlẹ̀, àti ẹ̀kẹta tó gùn bí imú erin.

"Ọkà tó yó máa ń wúwo, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e jìnnà. Ẹnu àkọ́kọ́ ló máa bọ́ sí. Èyí tí kò yó dáadáa á dé ẹnu kejì. Ìyàngbò ò ní ẹ̀sẹ̀ tó fi ń dúró, á gba ibi imú gígùn yìí jáde."

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù náà. Tí o bá ṣí i gbayawu, afẹ́fẹ́ á le. Tí o bá tì í díẹ̀, á rọ̀. Ó da ọkà àpò kan sí i lójú mi. Kí n tó kọ gbólóhùn mélòó kan sílẹ̀, ọkà ti mọ́ gaara nínú agbada. Èmi àti àbúrò mi dáwó jọ, a rà á.

Àbúrò mi kò kàn dáwó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú Alhaja kó lè ní ẹlẹ́rìí: a ó dán ẹ̀rọ náà wò ní ọyẹ́ yìí. Ìyá mi á jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Bí àyà wọn bá tún dìde nítorí ọkà, kò sí àwáwí mọ́, àpò á lọ sí Ojoku.

"Mo gbà," ìyá mi wí.

"Alhaja, ẹ gbọ́ o," àbúrò mi wí.

"Mo gbọ́," Alhaja fèsì. "Mo tún rí ojú ìyá ẹ. Ojú ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ ni."

Ọjọ́ ọkà pé. Àwọn obìnrin ti dé kí oòrùn tó le, ti Ojoku tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níwájú wọn. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà ká bí ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun. Ọ̀kan fi ìka kan páànù rẹ̀. Òmíràn bi mí bóyá yóò jẹun lọ́sàn-án. Wẹ́dà kò sí níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ gbé e lọ sí Ilemona, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnì. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tá a máa gbé ẹ̀rọ náà sí. Ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọkà láti ìgbà ìyá ìyá mi ni gbogbo wa mọ̀. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́, a gbé e lọ sí ẹ̀bá ojú irin.

Atẹ́gùn dára lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé Alhaja yìn ín. "Ẹ wo bó ṣe ń fẹ́! Ẹ̀rọ á rí ẹni ràn án lọ́wọ́."

A gbé àga ìyá mi sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, níbi tí eruku kò lè dé. Àbúrò mi dúró tì wọ́n pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwọn obìnrin ní kí ẹ̀rọ náà kẹ̀yìn sí atẹ́gùn gẹ́gẹ́ bí àwọn náà ti ń ṣe. Mo tan ẹ́ńjìnì. Obìnrin Ojoku gbé agbọ̀n sókè, ó da ọkà sínú àrọ.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ àti ti ọyẹ́ jọ gbá ọkà náà pọ̀. Ìyàngbò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkà bá a lọ. Kò dúró lẹ́nu àkọ́kọ́, kò dúró lẹ́nu kejì. Imú gígùn ló gbà jáde, ó fọ́n káàkiri sínú koríko gbígbẹ, pupa yòò. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ojú irin yíjú.

"Ọkà mi!" ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.

Ìyá mi ti dìde lórí àga. Kí àbúrò mi tó na ọwọ́, wọ́n ti sáré kọjá wa, wọ́n ti kúnlẹ̀ sínú koríko, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣa ọkà, wọ́n ń lé ewúrẹ́. Alhaja ń pariwo pé, "Ẹ yí i padà! Ẹ yí ojú ẹ̀ sí atẹ́gùn!" Àwọn mẹ́ta dì í mú, wọ́n yí i padà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ náà tú ìyàngbò síwájú. Atẹ́gùn pàdé rẹ̀. Ó dúró lókè bí èéfín tí kò mọ ibi tó ń lọ, lẹ́yìn náà ló padà wá, ó kọjá lórí àwa tá a dúró, ó sì dà bo ìyá mi níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí.

Mo pa ẹ́ńjìnì. Ìgbà tó dákẹ́ ni a tó gbọ́ àyà wọn.

Àbúrò mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fín oògùn sí wọn lẹ́nu, ó ní kí wọ́n fa èémí, ó tún fín in. A fi kẹ̀kẹ́ kan náà gbé wọn lọ sílé. Nígbà tí èémí wọn balẹ̀, wọ́n la ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ọkà tí wọ́n ṣà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi wò ó, ó mi orí.

"Ó ti parí, Mummy."

Wọ́n pa ojú dé.

Àwọn obìnrin kò tíì lọ sílé. Ìta ilé wa ni wọ́n jókòó sí, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe rí ọ̀rọ̀ náà. Alhaja ní ẹ̀rọ náà ya wèrè. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ ló da gbogbo ẹ̀ rú. Ẹlòmíràn ní èmi ni mi ò mọ ẹ̀rọ tàn, ó sọ ọ́ lójú mi, kò sì bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àpò máa lọ sí Ojoku, obìnrin Ojoku ṣí ẹnu, kò lè pa á dé.

"Èmi? Kí n wá di ẹni tí gbogbo ayé ń bú tí ọkà ò bá hù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ Mummy. Mi ò lójú tí mo lè fi pàṣẹ fún èèyàn. Tí mo bá ní kí wọ́n wá fẹ́ ọkà, ta ló máa dá mi lóhùn?"

Ìgbà yẹn ni wẹ́dà dé láti Ilemona pẹ̀lú aṣọ ìsọmọlórúkọ lọ́rùn. Ó ti gbọ́ lọ́nà. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ wò, kò rí ohun tó bàjẹ́. Ó ní ká sọ fún òun bó ṣe ṣẹlẹ̀. A sọ ọ́, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tá a dé ibi ojú irin, ó dá wa dúró.

"Ẹ dúró ná. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn wà?"

Alhaja bínú. "Níbo ni wọ́n ti ń fẹ́ ọkà? Nínú yàrá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja. Nínú yàrá."

Wẹ́dà fi ọwọ́ pa orí. "Atẹ́gùn tirẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ tún wá gbé e síwájú òmíràn. Ìjì méjì lórí ọkà kan! Mi ò kìlọ̀ fún yín torí kò wá sí mi lọ́kàn pé èèyàn lè gbé fáànù lọ gba atẹ́gùn."

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ gbọ́ láti inú yàrá. Ìyá mi ni. Fèrèsé wọn ṣí, wọ́n ti ń gbọ́ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, àbúrò mi sì sáré wọlé pẹ̀lú oògùn.

Ẹjọ́ tí ìyá mi àti àbúrò mi rò lọ́jọ́ kejì, mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ ní kíkún. Ìyá mi ti jókòó dáadáa, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lo páúdà.

"Àdéhùn wa ni pé tí ọkà bá gbé àyà mi dìde," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Kì í ṣe ọkà ló gbé e dìde. Èmi ni mo dìde lórí àga."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Mummy. Ẹ̀rọ ò lẹ́bi. Wẹ́dà ti sọ̀rọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi tá a bá fi yín sí, ẹ ò ní dúró síbẹ̀. Ọkà kan tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ máa sáré tẹ̀ lé e."

Ìyá mi gbìyànjú láti sẹ́ ẹ. Wọn kò lè sẹ́ ẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò rò pé mo lè gbọ́ lẹ́nu wọn láyé.

"Tì mí mọ́lé."

"Kí lẹ wí, mà?"

"Tì mí mọ́nú pálọ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Tí mo bá jáde, kó o gbé àpò náà lọ sí Ojoku lójú mi."

Àbúrò mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé wọn kò ṣeré, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò lè ti ìyá òun mọ́lé. Ìyá mi ní, "Àìmọye ìgbà ni mo tì ọ́ mọ́lé kí o lè kàwé. Ṣé o kú ni?"

Báyìí la ṣe pe àwọn obìnrin padà. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ wá. Ó yan ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó wà láàárín ilé wa àti ògiri Alhaja, níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Ó kọjú imú gígùn sí ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi páànù kan dí òpin rẹ̀ kí ìyàngbò má baà wọ àgbàlá Alhaja. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, kí ọyẹ́ tó jí. Àbúrò mi pa gbogbo fèrèsé onígíláàsì dé, ó fi táwẹ̀lì tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti ìyá wa mọ́ pálọ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì.

Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ, fóònù Alhaja dún.

"Ìyá ẹ ni," Alhaja wí fún mi. Wọ́n tẹ sípíkà fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. "Ẹlẹ́wọ̀n, kí lo fẹ́?"

"Sún kúrò níwájú fèrèsé. Ìdí ẹ ni mò ń wò láti àárọ̀."

Obìnrin Ojoku ló kọ́kọ́ da ọkà sí i. Ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àkọ́kọ́, ó ń dán. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ariwo dé láti inú fóònù, ìyá mi ń pariwo ju ẹ́ńjìnì lọ. Mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù! Mò ń gbọ́ ọkà mi lára páànù!"

Wẹ́dà kò pa ẹ́ńjìnì, ó fetí sílẹ̀. Lóòótọ́, lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnì, nǹkan ń ta páànù tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní páá, páá. Ìyàngbò kò lè dún bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn kékeré náà díẹ̀. Ó ṣì ń dún. Ó tún tì í díẹ̀ sí i.

"Ibẹ̀ yẹn!" fóònù pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Wẹ́dà mú ṣọ́ọ̀kì jáde lápò, ó fa ìlà funfun síbi tí ilẹ̀kùn náà dúró sí. Ó ní òun á máa fa ìlà bẹ́ẹ̀ sára gbogbo èyí tí òun bá ṣe fún olóko ọkà.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé ẹ́ńjìnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ yìí dun Alhaja ju ti ọkà lọ. "Ẹ̀rọ yìí fẹ́ sọ wá di odi," ni wọ́n ń sọ. Obìnrin kan láti Ilemona ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn nípa àǹtí rẹ̀ kan tó fẹ́ tún lọ́kọ, ariwo sì gbé e mì láàárín. Wọ́n wá fẹnu kò láàárín ara wọn pé bí ti ẹnì kan bá ti tán, ká pa ẹ́ńjìnì, kí wọ́n sinmi. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ọkà ẹnì kan kí ènìyàn tó mu omi tán. Ìsinmi tó ń tẹ̀ lé e ló ń gùn. Àǹtí yẹn lọ́kọ, ó kọ̀ ọ́, ó tún fẹ́ ẹ kí a tó dé orí àpò tó kẹ́yìn, ìyá mi sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè láti inú fóònù, wọ́n fẹ́ mọ ìyá ọkọ náà, ilé tó ti jáde, àti ẹni tó kọ́kọ́ mú ìròyìn wá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a parí. Àbúrò mi wọ́n omi sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti iwájú ilé, ó ní kí àwọn obìnrin gbọn aṣọ wọn lójú títì. Ó dúró títí eruku fi balẹ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn. A gbé ọkà tó mọ́ wọ pálọ̀ nínú agbada ńlá, a gbé e síwájú ìyá mi. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi eyín fọ́ ọ. Ó dún. Wọ́n mú òmíràn láti ìsàlẹ̀. Ó dún.

Àbúrò mi mú ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà láti inú báàgì rẹ̀, ó fi sí etí. Àwọn obìnrin tó kún ẹnu ọ̀nà dákẹ́. Alhaja pàápàá dákẹ́. Àbúrò mi gbọ́ iwájú, ó gbọ́ ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta. Ó tún padà sí iwájú. Mò ń wo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wo ojú adájọ́ nílé ẹjọ́, kò sì jẹ́ kí n rí nǹkan kan.

Ìyá mi kò dúró dè é. Wọ́n ti ti ọwọ́ bọ inú ọkà, wọ́n ti yíjú sí obìnrin Ojoku.

"Mummy, mi ò tíì gbọ́ ọ tán."

"Máa gbọ́ ọ. Mo dá ọ dúró ni?"

Àbúrò mi tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yọ ọ́ kúrò létí. "Ó mọ́," ló sọ, ohùn rẹ̀ kéré. "Kò súfèé rárá."

Obìnrin Ojoku ti kúnlẹ̀, ó ti tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà, wọ́n jẹ́ kó ṣàn gba àárín ìka wọn bọ́ sórí ìborùn náà, wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n ní kó má gbìn ín jìn, kó sì dúró di òjò kejì.